Ẹran Ràkúnmí Tí N Kò Tọ́ Wò

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, mo gbọ́ pé púpọ̀ nínú yín ti ń yọjú sí iṣẹ́ oúnjẹ. Wọ́n ní ó gbayì báyìí. Wọ́n ní ẹ̀ ń wọ aṣọ funfun, ẹ̀ ń dé fìlà gogoro, ẹ sì ń ya fọ́tò àwo ìrẹsì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èmi ń kọ́ ọ, èéfín ni fìlà wa, bí a bá sì ń sunkún, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá àlùbọ́sà ló fà á tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá. Mo fi iṣẹ́ náà jẹun, mo fi rán ọmọ mẹ́ta níléèwé, mo sì fi kọ́ ilé oníyàrá méjì tí mo ń gbé ní Ajah yìí. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí bóyá iṣẹ́ náà ṣe mí lóore, n kò ní lè dáhùn kánkán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí kálukú gbé e yẹ̀ wò fúnra rẹ̀.

Ràmọ́tà lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Ganíyù ni gbogbo àdúgbò mọ̀ mí sí. Abúlé kan lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń pẹja, ìyá mi ń yan án. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Jakande Estate, ní Ilasan, mú mi lọ sọ́dọ̀ Àlàájà Sìdíkátù, obìnrin tó ń gba iṣẹ́ oúnjẹ síse káàkiri. Ohun tí wọ́n san fún ìkọ́ṣẹ́ mi kò tó nǹkan, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ilé Jakande ṣì tuntun nígbà náà. Iyanrìn ló yí wa ká, òjò kan ṣoṣo sì ti tó láti sọ àárín ilé kan sí ìkejì di ọ̀sà.

Àlàájà kúrú, wọ́n dúdú, ohùn wọn kì í sì í ga. Ẹ má jẹ́ kí ohùn jẹ́jẹ́ tàn yín jẹ. Ní gbogbo ọdún kìíní, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìgbakọ. Òkúta ni mò ń ṣà nínú ìrẹsì, ìdí ìkòkò ni mò ń fi eérú àti iyanrìn ha. Bí wọ́n bá rí òkúta kan nínú ìrẹsì tí mo ti ṣà, wọn kì í bínú, wọ́n á kàn da gbogbo rẹ̀ padà sínú atẹ, wọ́n á ní kí n tún un ṣà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kórìíra wọn nígbà náà. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò tíì mọ̀ pé oyin kankan wà níbẹ̀.

Ọdún kejì ni ẹ̀kọ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Àlàájà á bu omi ẹran sínú ife mẹ́ta. Ọ̀kan kò níyọ̀ rárá, ọ̀kan níyọ̀ díẹ̀, iyọ̀ ìkẹta dọ́gba. Wọ́n á ní kí n kọjú sí ògiri, wọ́n á wá máa gbé e fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn. Bí mo bá ṣì í, èmi ni n ó pọn gbogbo omi ọjọ́ yẹn. Bí mo bá gbà á, wọn kò ní yìn mí. Wọ́n á kàn sọ pé, "Ó kù." Nígbà tó yá, wọ́n fi ata kún un, wọ́n fi irú kún un, wọ́n fi epo tó ti ń kan kún un. Títí wọ́n fi fi mí sílẹ̀, n kò gbọ́ kí wọ́n sọ pé ó tó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó bá wọlé. Wọ́n á ní, "Ojú lè tàn ọ́. Imú lè tàn ọ́. Ẹni tó gbé ẹran wá fún ọ gan-an lè máà mọ ohun tó gbé wá. Ohun tí ìwọ fúnra rẹ kò bá tọ́ wò, má gbé e síwájú èèyàn." Ahọ́n tiwọn lókìkí ní Ilasan. Àwọn obìnrin mìíràn tó ń se oúnjẹ á bu ọbẹ̀ sínú abọ́, wọ́n á gbé e wá fún Àlàájà kí wọ́n lè mọ ohun tó ṣe é. Àlàájà á fi ṣíbí kàn án lẹ́nu, wọ́n á ní àlùbọ́sà ò jinná kí o tó da ata sí i, tàbí kí wọ́n ní tòmátì inú agolo ni o fi ṣe é, má sọ fún mi pé tútù ni. Wọn kì í ṣì í. Wọn kò kàwé, wọn kò lóko, wọn kò ní ọmọ púpọ̀. Ahọ́n wọn ni wọ́n fi lọ sí Mẹ́kà.

Mo ṣẹ̀ wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lẹ́ẹ̀kan. A lọ se oúnjẹ ìkómọ nílé olówó kan ní Lekki. Èmi ni mo wà nídìí ọbẹ̀ ata, ìtàn ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ilé náà, ọbẹ̀ sì jó mọ́ ìdí ìkòkò. Mo sáré da máàgí sí i, mo da efinrin sí i, mo rò pé mo ti bo òórùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àlàájà tọ́ ọ wò. Wọ́n bọ́ sí pálọ̀, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọmọ, wọ́n ní, "Màdáámù, ọbẹ̀ wa ti jóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá àwọn àlejò dúró díẹ̀." Màdáámù bú wọn bí ẹni ń bú ọmọ ọdún mẹ́wàá. A ra ata tuntun, a se òmíràn, oòrùn sì ti wọ̀ ká tó gbé e jáde. Nígbà tí a ń padà lọ ilé, wọ́n sọ fún mi pé irọ́ ẹnu, etí ló ń wọ̀, ṣùgbọ́n irọ́ tí èèyàn bá sè, inú ara ẹlòmíràn ló ń lọ. N kò gbàgbé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò gbàgbé, nítorí ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo gba òmìnira, mo dá dúró. Mo se oúnjẹ fún àwọn tó ń kọ́lé ní Thomas Estate, mo se fún ilé mẹ́ta ní Lekki gẹ́gẹ́ bí kúùkù, mo sì pàgọ́ sí Ibeju-Lekki fún ọdún mélòó kan, tí mò ń bọ́ àwọn awakọ̀ tó ń kó òkúta lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ńlá. Igi la fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn igi, sítóòfù kẹrosíìnì tó ń fi òórùn rẹ̀ ba ìrẹsì jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni gáàsì dé, gbogbo wa sì jó. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń ta gáàsì kì í sọ. Lórí igi, èèyàn ò lè kúrò nídìí ìkòkò, nítorí iná lè ga, ó sì lè kú nígbàkígbà. O ń rò ó, o ń tọ́ ọ wò, o tún ń rò ó. Gáàsì ló kọ́ wa pé a lè lọ jókòó. Lónìí, fóònù lẹ fi ń wo bí iyọ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Bóyá ẹ̀yin lẹ gbọ́n jù. Èmi kọ́ ni màá sọ ìyẹn, ní ibi tí mo bá iṣẹ́ mi dé.

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú, mo fi Ibeju sílẹ̀. Àlàájà náà ti darúgbó. Ọkọ wọn ti kú, wọ́n ti kó kúrò ní Jakande wá sí Ajah, wọ́n sì ń kírun ní mọ́ṣáláṣí tí ó súnmọ́ ilé mi. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní kí wọ́n jìnnà sí iyọ̀. Àwọn ni wọ́n mú mi lọ bá ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí pé èmi ni kí wọ́n máa gbé oúnjẹ ìṣínu lé lọ́wọ́ nínú Ràmàdáànì. Alága ìgbìmọ̀ náà ni Bàbá Mùfú, ọmọ onílẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́, ìdílé wọn ló fi ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí ta wá lọ́rẹ. Àlàájà sọ níṣojú mi fún un pé, "Ọmọ mi ni. Bí ó bá sè é, èmi ni mo sè é."

Mo sè é fún ọdún mẹ́ta láìsí wàhálà. Ní ọdún kẹrin ni obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ rí mi tí mo fi ṣíbí kan ahọ́n nídìí ìkòkò lọ́sàn-án ààwẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí mọ̀ pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àlàájà ti kọ́ wa láti ìgbà èwe pé kí a fi ṣóńṣó ahọ́n kàn án, kí a tu ú dànù, kí a fi omi ṣan ẹnu, ààwẹ̀ ò bàjẹ́. Ìmáàmù wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti tú u sí gbogbo ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí pé Ìyá Ganíyù ń jẹun lọ́sàn-án, ó wá ń fi oúnjẹ ṣínu fún àwọn olùgbààwẹ̀. Àwọn ọmọdé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Ràmàdáànì tó tẹ̀lé e dé, Bàbá Mùfú pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ìyá Ganíyù, ẹ ṣàánú wa lọ́dún yìí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí ṣíbí lẹ́nu yín." Inú bí mi. Mo búra nínú ọkàn mi pé kò sí ẹni tó máa rí i mọ́. Mo ti sè tó ogójì ọdún, kí ni mo tún fẹ́ tọ́ wò? Ìgbéraga ni, mo mọ̀ ọ́n ní ìgbéraga nísinsìnyí.

Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ààwẹ̀ ni ẹran náà dé. Ẹgbẹ́ àánú kan láti ilẹ̀ Lárúbáwá ló fi ta mọ́ṣáláṣí lọ́rẹ, páálí mẹ́fà. Wọ́n ní ẹran ràkúnmí ni. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi dáná, n kò sè é rí, n kò jẹ ẹ́ rí. Wọ́n kọ èdè Lárúbáwá yí páálí náà ká. Ìmáàmù àti Alfa Lúkúmánù, àwọn méjì tó gbọ́ èdè náà délẹ̀, ti lọ sí Mẹ́kà fún Úmírà. Àwa tó kù lè ka Kùránì, ṣùgbọ́n kíkà yàtọ̀ sí gbígbọ́. Bàbá Mùfú wo ìkọ̀wé náà, ó ní kò bójú mu kí a gbé èdè tí Ọlọ́run fi sọ̀kalẹ̀ dé ìdí iná, kí epo àti ẹ̀jẹ̀ máa kán sí i, kí a sì tún wá dà á sórí àkìtàn. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé gbogbo ojú páálí tó níwèé lára, ó fi okùn dì wọ́n, ó tò wọ́n sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn Kùránì. Ẹ̀rù Ọlọ́run ló fi ṣe é. Inú ọ̀rá funfun lásán ni ẹran náà wà nígbà tó dé ọwọ́ mi.

Mo rìn lọ bá àwọn Hausa tó ń ta màlúù, mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń se ràkúnmí. Wọ́n ní ó le, kí n tètè gbé e kaná. Ẹran tútù ni àwọn mọ̀, òun náà ni wọ́n bá mi sọ. Nítorí náà, líle ẹran yìí nìkan ni mo gbájú mọ́. Mo já ewé ìbẹ́pẹ dì í, mo gbé e kaná láti àárọ̀. Nígbà tí a ń fọ̀ ọ́, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́, tí ọ̀bẹ ti gé ní ìka, ní omi ẹran náà ń ta òun. Mo ní ata tó ń gé lẹ́ẹ̀kan ló ń ta á. Mo fi iyọ̀ sí i bí mo ṣe máa ń fi sí ẹran. Mo fi máàgí sí i. Nígbà tó rọ̀, mo bu omi ẹran náà, mo fi se ìrẹsì, mo sì da ìyókù sínú ọbẹ̀. Èwo nínú wa ló máa da omi ẹran nù? Ìyá tó bí wa kò ní gbà. Obìnrin ìgbìmọ̀ tó bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́dún tó kọjá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú mi, kò gbójú kúrò lẹ́nu mi. Mo di ẹnu mi pa títí oòrùn fi wọ̀.

Ọkùnrin méjì wá láti ẹgbẹ́ àánú náà láti wo bí a ṣe ń jẹ ẹ́, ọ̀kan gbé ẹ̀rọ fọ́tò kọ́ ọrùn. Wọ́n pe ìrun, a fi èso dàbínù àti omi ṣínu, a kírun, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ. Èmi ni mo gbé ti Àlàájà lọ fún wọn. Mo padà sídìí ìkòkò, mo sì ń wò wọ́n láti ibẹ̀, nítorí títí mo fi darúgbó ni mo ṣì máa ń wo ojú wọn bí wọ́n bá ń jẹ oúnjẹ mi. Wọ́n fi ṣíbí kìíní sẹ́nu. Wọ́n dúró. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn. Wọ́n wo ọkùnrin tó ń ya fọ́tò, wọ́n wo àwọn obìnrin tó jókòó tì wọ́n tí gbogbo wọn ti dáwọ́ dúró, wọ́n wá tún ṣíbí bọ àwo, wọ́n ń jẹ ẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí àwọn yòókù rí i pé Àlàájà ń jẹ, àwọn náà ń fi ṣíbí ro tiwọn. Bàbá Mùfú ń lọ láti ìlà dé ìlà, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo rò pé ọpẹ́ ló ń dá, àṣé ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ ẹ́ kí ojú má tì wá níwájú àlejò. Wọ́n ń mu omi léraléra, ṣùgbọ́n ta ni kì í mu omi nígbà ìṣínu?

Ẹni tó sè é ló ń jẹun gbẹ̀yìn. Nígbà tí mo gé ẹran kan sẹ́nu, iyọ̀ rẹ̀ gbá mi bí ìgbájú. Mo tọ́ ìrẹsì wò, òun náà nìyẹn. Mo tọ́ ọbẹ̀ wò. Mo gbójú sókè, àwo Àlàájà ti ṣófo, ọmọ àdúgbò kan sì ń dì wọ́n lọ́wọ́ mú lọ ilé. N kò lè tẹ̀ lé wọn. Ìtìjú mú mi, mo lọ dúró lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, mo sọ fún ara mi pé tí ilẹ̀ bá mọ́, màá lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn bí ọkùnrin, màá tọrọ àforíjì. Ọ̀sán ọjọ́ kejì kò tíì pé tí wọ́n fi wá sọ fún wa pé Àlàájà ṣubú, pé ẹnu wọn ti yẹ̀, pé apá ọ̀tún kò gbé mọ́.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti wà tipẹ́. Ó ní wọn kì í lo oògùn wọn déédéé láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oúnjẹ mi. N kò mọ̀, n kò sì ní mọ̀ títí màá fi kú. Ìgbìmọ̀ gba iṣẹ́ ìṣínu lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà fún Kúdírátù, ọmọ kan ṣoṣo tí Àlàájà bí, tó ti òkèèrè wá tọ́jú wọn. Gbogbo wa la jókòó tí ìyá rẹ̀ fi jẹ ẹ́ tán. Ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí wọ́n gbé Àlàájà padà láti ọsibítù, mo lọ kí wọn. Kúdírátù kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní Màámá ń dárúkọ mi ṣáá. Ó fi wá sílẹ̀, ó lọ bu omi fún mi. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ mi sẹ́nu láti ilé. Kí n tó là á, Àlàájà ti ń sọ̀rọ̀, ó lọ́ra, ó wúwo, mo ní láti fara mọ́ ẹnu wọn kí n tó gbọ́.

"Ràmọ́tà. Ẹran yẹn. Ṣé o tọ́ ọ wò?"

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Kúdírátù tó ń bọ̀. Mo rò ó pé bí ọmọ yìí bá gbọ́, gbogbo Ajah á gbọ́ pé èmi ni mo fi iyọ̀ pa ọ̀gá mi. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, wọ́n ní, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń sá fún ẹ̀sín, àwọn ló ń kú. Mo ní, "Mo tọ́ ọ wò, Àlàájà. Iyọ̀ rẹ̀ dọ́gba."

Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n wá ní, "Ahọ́n mi ni, nígbà náà." Wọ́n yíjú sí ògiri.

Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, Alfa Lúkúmánù ti Úmírà dé. Ó rí páálí tí wọ́n dì sórí pẹpẹ, ó tú okùn rẹ̀, ó kà á. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Alfa fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ẹran tí a ti fi iyọ̀ pa, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ẹ pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ má fi iyọ̀ sí i. Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo bínú sí Bàbá Mùfú gidigidi. Gbogbo ayé ti sọ mí di aláìmọṣẹ́, ìkọ̀wé tí ì bá gbà mí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kùránì tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un. Ojú bàbá náà ti pọ́n. Ó ní, "Ìyá Ganíyù, mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ ò tọ́ ọ wò. Ẹgbẹ́ àánú yìí ṣì fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ gbé e mì." Alfa fún mi ní ojú páálí kan, ó ní kí n mú un lọ fi han Àlàájà, pé á fi ọkàn wọn balẹ̀.

Alfa kò mọ ohun tó ń sọ, ó sì jàre. Páálí náà lè sọ fún Àlàájà pé ahọ́n wọn kò ṣe ohunkóhun, pé ohun tí wọ́n tọ́ wò ni wọ́n tọ́ wò. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ìyẹn kó má sọ pé mo parọ́ fún wọn lórí ibùsùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ìkọ̀wé náà sínú báàgì, tí mo rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Lẹ́ẹ̀kìíní mo ní wọ́n ń sùn. Lẹ́ẹ̀kejì mo ní àlejò pọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta n kò tilẹ̀ wá àwáwí, mo kàn yí padà. Mo ta àwọn ìkòkò mi ní oṣù náà, n kò sì tún dáná fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó bá bi mí, orúnkún ni mo ń sọ fún wọn. Ẹ̀yin tí mò ń kọ èyí sí ni ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ, bí Kúdírátù bá sì rí i kà, kò burú, ó pẹ́ jù ni.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ọ. Èèyàn kò ní yé jẹun. Àmọ́ ẹ má retí pé ogójì ọdún á gbèjà yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí ẹ bá di ẹnu yín pa. Mo ṣe é dáadáa fún ogójì ọdún, ọjọ́ kan yẹn ni mo ń rántí.

Àlàájà kú kí oṣù méjì tó pé lẹ́yìn tí wọ́n ṣubú. Mo lọ kí Kúdírátù. Ó jókòó tì mí lórí ẹní, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ń sọ bí ọjọ́ ìkẹyìn wọn ṣe rí. Ó ní oúnjẹ ni kò yé òun. "Màámá tí gbogbo ayé ń gbé ọbẹ̀ wá fún, Màámá ò dá ara wọn lójú mọ́. Àní ẹ̀kọ lásán, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Wọ́n á ní, 'Kúdí, iyọ̀ rẹ̀ ńkọ́?' Ìyá Ganíyù, ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀kọ kì í níyọ̀. Títí di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kú, wọ́n ṣì ń bi mí. Kí ló fà á?"

Mo ní bí àgbà bá ti dé, ahọ́n a máa kú. Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.